Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, abẹ́rẹ́ BPC-157 yìí, ṣé kí n gbà á?

Ẹ kú ilé o. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ló ń dà mí láàmú láti bí oṣù mẹ́rin, bọ́ọ̀lù la ń gbá ní Mókọ́lá tó fi fà, tí mo bá jí láàárọ̀ báyìí ògiri ni mò ń dì mú lọ ilé ìwẹ̀. Bọ̀dá tó ń kọ́ wa ní jíìmù wá gbé ìgò kékeré kan fún mi, ẹ̀tù funfun díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ní inú omi ikùn èèyàn ni wọ́n ti rí i torí náà kò lè ṣe mí ní nǹkankan. 50,000 náírà. Ṣé òótọ́ ni àbí owó mi ló fẹ́ jẹ?

Nọ́ọ̀sì Àgódì: Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Peptide ni, ìyẹn ègé púrótéènì kékeré, amino acid (ohun tí wọ́n fi ń mọ púrótéènì) 15 tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Zagreb ní Croatia ló ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ jù. Wọ́n gé iṣan eku, èyí tí wọ́n fún ní BPC yára jinná ju èyí tí wọn ò fún lọ. Àmọ́ eku ni o! Ti èèyàn ò tíì tó nǹkan rárá. FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ò fọwọ́ sí i, WADA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró láàárín àwọn eléré ìdárayá lágbàáyé, sì ti fòfin dè é láti 2022. Èyí tó wà nínú ìgò yẹn gan-an, kì í ṣe ikùn ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti bù ú, wọ́n pò ó ni.

Oníbéèrè: Háà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ara ìgò náà dáadáa, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, wọ́n wá fi òyìnbó tín-ín-tín kọ ọ́ pé fún ìwádìí nìkan ni.

Ìyá Ìbejì: Yéè! O fẹ́ fi ara ẹ ṣe eku fún wọn? Ta ló tiẹ̀ fẹ́ bá ẹ po omi sí i?

Ọmọ Bẹẹrẹ: Irú ìrora gìgísẹ̀ yẹn ti ṣe èmi náà rí. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn ló ṣe máa ń pẹ́. Physio UCH ló ní kí n dúró létí àtẹ̀gùn, kí n máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta, àárọ̀ àti alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó dùn mí débi pé mo bú physio nínú, ṣùgbọ́n mo ti ń sáré báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgódì: Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò o, tó bá jẹ́ pé ó já ni, ẹ má gun àtẹ̀gùn kankan.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mò ń lọ UCH ní Mọ́ńdè. Mo ti dá ìgò padà fún bọ̀dá, 5,000 tí mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni kò rí dá padà, ó ní òun ti fi ra epo sí ọ̀kadà.