Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ da kọnkéré sójúde, ẹ gbọ́ tèmi ná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo rí ìbéèrè ẹni tó ń kọ́lé sí Adó, tó ní ṣé kí òun da kọnkéré síwájú ilé ni àbí kí òun to íńtálọ́ọ̀kì, ìyẹn bíríkì kéékèèké tí wọ́n ń tò mọ́ra. Mo ti ṣe méjèèjì lójúde kan náà, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ọgbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Apá Ajílóṣùn ni ilé wa wà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ mọ ilẹ̀ Èkìtì wa: ibi tí kì í bá ṣe àpáta, amọ̀ pupa ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, ẹrẹ̀ á gun bàtà wọ pálọ̀. Ní 2015 tí a kó wọlé, ọkọ mi ní ká da kọnkéré kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀. Bíríkìlà po sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin, wọ́n dà á láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi pákó gígùn fà á, ó ń dán bíi dígí. A fi omi rin ín fún ọjọ́ méje gbáko. Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń gbá a.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún kejì ni mo kọ́kọ́ rí ìlà kan, tín-ín-rín bí irun orí. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ìka mi ti ń wọ inú rẹ̀. Wọn ò gé e sí abala abala, odidi kan gbọnrangandan ni wọ́n dà, bẹ́ẹ̀ amọ̀ tó wà lábẹ́ ń wú lójò, ó ń súnkì lẹ́ẹ̀rùn. Kọnkéré ò mọ títẹ̀, fífọ́ ló mọ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Páìpù tó ń fa omi wọlé ló bẹ́ lábẹ́ rẹ̀, a ò sì mọ ojú ibi tó ti bẹ́. Ọmọkùnrin méjì fi òòlù ńlá fọ́ kọnkéré láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ihò mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó kàn án. Páìpù tí wọ́n pààrọ̀ ò gùn ju apá mi lọ! Wọ́n fi sìmẹ́ńtì tuntun dí ihò náà, ojúde mi wá dà bí aṣọ oko tí wọ́n lẹ̀ níbi mẹ́ta.

Ní 2021 a kó gbogbo rẹ̀ dànù, a ní ó di íńtálọ́ọ̀kì. Ẹ má rò pé ìyà tán níbẹ̀ o. Ẹlẹ́nu dídùn kan tí owó rẹ̀ kéré la gbé e fún. Ó da yanrìn lé erùpẹ̀ rírọ̀, kò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi tò ó tán. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ojú ibi tí táyà ń gbà ti rì. Tí òjò bá dá, omi á dúró sí ìlà méjì, àwọn ọmọ á máa fi bébà ṣe ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó, ẹyọ kan ò bàjẹ́. Ọmọkùnrin kejì tí a pè tú u, ó kó o jọ sẹ́bàá ògiri, ó gbẹ́ ilẹ̀ wọlẹ̀, ó da sítónù dọ́ọ̀sì, ìyẹn eruku òkúta, láti kúárì sí i, ó ń wọ́n omi, ó sì ń fi kọ̀ǹpátọ̀, ẹ̀rọ tó ń ki ilẹ̀, tẹ̀ ẹ́ ní ipele ipele. Yanrìn tó wá tẹ́ sókè ò ju ìnṣì méjì lọ. Ó fi kọ́ọ̀bù, ìyẹn kọnkéré gígùn tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, dì í létí yí ká, ó ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á máa rìn lọ sísàlẹ̀ òkè díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a fẹ́ rà kún un, ó gbá méjì mọ́ra létí mi: "Màmá, ẹ gbọ́, eléyìí ń dún kọ́ọ́, tọ̀hún ń dún pọ̀ọ́." Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha èyí tó ń dún pọ̀ọ́, yanrìn rẹ̀ ń dà sílẹ̀ bíi gààrí. Ó ní èyí tó nípọn tó mìlímítà 60 tó fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa, àmọ́ tí táńkà omi bá máa ń wọlé, ká ra 80.

Páìpù tún jò lọ́dún tó kọjá. Ẹyọ méjìlá ni wọ́n yọ. Kí n tó gbé ọ̀sán kaná, wọ́n ti dá a padà, ẹ ò sì lè mọ ojú ibẹ̀.

Láti Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun, Màmá, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán o. Ẹ̀yìnkùlé wa níbí, kọnkéré ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kò sán. Orí àpáta la dà á lé, ẹ ṣáà mọ ìlú tó bá òkè Olósùnta gbé. Bàbá tó bá wa ṣe é sì gé e ní abala abala. Orí rẹ̀ ni ìyá mi ń sá èlùbọ́ sí. Ẹ bá mi sá a sórí íńtálọ́ọ̀kì, kí ẹ wá ro àmàlà oníyanrìn.

Láti Ìjerò:
Ẹnikẹ́ni ò sọ ti koríko! Gbogbo àlàfo ló ń hù, èèrà náà ò sì yéé hú yanrìn jáde. Gbogbo Sátidé ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ tu ú.

Bíríkìlà, láti Ìkọ̀lé:
Ẹ̀yin oníbàárà náà ń dá kún un. Ẹ ó ní ká yọ owó sítónù dọ́ọ̀sì kúrò, ẹ ó ní kí la fẹ́ fi kọ̀ǹpátọ̀ ṣe. Kọnkéré tí a dà lónìí, ẹ ti gbé jíìpù gùn ún lọ́túnla, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 28 la máa ń kà fún un kó tó le dáadáa. Èyí tó wù kí ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi lè ṣàn, ìnṣì kan sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kó sì kọ ẹ̀yìn sí ilé.

Èmi náà nìyí, láti Ajílóṣùn:
Ará Ìkẹ́rẹ́, òótọ́ ni ti èlùbọ́. Orí tàpólì ni mo ń sá tèmi. Ẹni tó bèèrè, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yín wọ ẹsẹ̀ bàtà kan wò lọ́la, ẹ wá sọ fún wa bóyá àpáta lẹ bá àbí amọ̀.