Ẹ sọ ìrírí yín: àwa tí à ń tọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ fi ìró ṣe iṣẹ́ ṣe

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ẹni tó ti sọ tirẹ̀ ṣáájú mi. Iṣẹ́ ìró fún eré orí ìtàgé àti fíìmù ni mo ń ṣe, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà láyìíká wa ló sì máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ kọ́ ọ. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí kò yí padà rí: "Ọ̀gá, irú kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà?" Èmi kì í dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo máa ń rán wọn lọ sí ọjà Òkè-Ajé pé kí wọ́n wá ibì kan jókòó sí, kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n sì kọ ohun gbogbo tí etí wọn bá gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á mú ìwé tí kò ju ohun mẹ́rin lọ padà wá: ariwo ènìyàn, mọ́tò, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kọ ohun 21, ó tilẹ̀ kọ ìró ọ̀bẹ tí alápatà ń pọ́n, àti bí ìró náà ṣe ń yí padà bí ẹnu ọ̀bẹ bá ti ń mú bọ̀.

Ọmọbìnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe fíìmù kékeré kan, níbi tí òjò ti ní láti bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé páànù nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan ń retí ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gba ìró òjò kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òjò náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò ilé wa, nítorí orí koríko àti ewé ló ń rọ̀ sí. A gbìyànjú láti gba òjò gidi sílẹ̀, ohun tí a sì rí kò ju ariwo ṣìì kan tó kún etí lọ, tí ènìyàn kò fi lè mọ̀ bóyá òjò ni tàbí àkàrà tó ń hó nínú epo. Àwọn ẹ̀kán àkọ́kọ́ ni a nílò, àwọn tó máa ń já lọ́kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé tán.

Ìyá rẹ̀ a máa yan gàárì tà ní apá Ìjẹ̀bú-Igbó, ibẹ̀ ni a sì lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ náà gbé páànù kan dagun lórí àpótí méjì, ó ká ògbólógbòó aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà máa dún bí agogo, ó sì gbé máìkì sí ìsàlẹ̀ páànù náà ní ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ìka kékeré tí ènìyàn bá ya àtẹ́lẹwọ́ tán. Ó wá bu gàárì sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi àtàǹpàkò jù ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ yọ sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé gàárì tí mo ti fún omi rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan lẹ ń dà sórí páànù?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a ti tẹ́ tapólì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ó kó padà." Màmá dúró, ó tẹ́tí díẹ̀, ó wá ní èyí tí a ń dà kúnná jù, kí a bu lára èyí tó ṣẹ́kù sínú asẹ́ nítorí pé ó wúwo jù ú lọ. Òótọ́ ni Màmá sọ. Gàárì asẹ́ yẹn ni òjò tí ẹ gbọ́ nínú fíìmù náà títí dòní.

Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀ ni mo tó sọ fún un nípa Jack Foley, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀ka iṣẹ́ yìí ní Foley, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ìró fún àwòrán ní Hollywood nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ká ní mo ti ka ìtàn náà fún un nínú ilé tẹ́lẹ̀ ni, mi ò rò pé ì bá wọ̀ ọ́ létí.

Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìrìn ẹṣin ni tirẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ó sì padà dé pẹ̀lú wákàtí méjì tí kò sí pátákò ẹṣin kankan nínú rẹ̀. Ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ìbọn ló kún inú rẹ̀. Ó tún ti ṣí ẹ̀rọ náà sókè jù, nítorí náà gbogbo ibi tí ìbọn ti dún ni ìró ti fọ́, ìró tó bá sì ti fọ́ báyẹn kò ṣeé tò mọ́. Mo ní kó tọ́jú ariwo èrò tí kò fọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé irú èrò bẹ́ẹ̀ kò sí fún títà níbì kan. A wá fi èèpo àgbọn méjì gbá yanrìn inú àwo fún pátákò. Síbẹ̀ kò bá àwòrán mu, àfìgbà tí a wo fídíò orí fóònù rẹ̀ ní ìfarabalẹ̀ tí a ka ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Ẹṣin tó ń rìn jẹ́jẹ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró mẹ́rin sì ni; bí ó bá ń sáré pẹ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń balẹ̀ pọ̀ ní méjì-méjì, tí ìró á fi di méjì. Ìró méjì ni ọmọ yìí ti ń gbá fún ẹṣin tó ń rìn.

Ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe ni ọ̀rọ̀ owó. Mo mú ọmọ kan lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe fíìmù, mo ní kó má ṣèyọnu, pé ẹni tí mo mọ̀ ni. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gba kọ́bọ̀, a kò sì ní ìwé kankan tí a lè nà sí ẹnikẹ́ni. Àpò ara mi ni mo ti san díẹ̀ fún un, ojú sì tì mí níwájú bàbá rẹ̀, ẹni tó ti bi mí tẹ́lẹ̀ pé ṣé díjéè ni mo fẹ́ sọ ọmọ òun dà. Láti ìgbà náà, ìwé àdéhùn ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn láti kọ, ṣáájú ọjà Òkè-Ajé pàápàá.

Láti Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ jáfara bíi tiyín. Fóònù nìkan ni àwọn ọmọ tó ń wá bá mi ní, òun náà la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo ni ìṣòro tiwa, nítorí àwọn tírélà tó ń gba ìlú wa kọjá kì í sùn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún ni a ti ń gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ etí fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó sì máa ń ṣí hẹ́dífóònù sókè kí ó lè borí rẹ̀, títí tí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn má ṣe gbọ́ ohun tó tó 80 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ yìí sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Dókítà ní kó sinmi. Fún oṣù kan gbáko ni kò fi nǹkan kan sí etí, ìwé ló ń kọ. Èmi ni mo sì ń gbọ́ ìró fún un, tí mo ń ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni ń sọ àlá. Ní báyìí, òun ló máa ń wá pa jẹnẹrétọ̀ mi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.