Ìpele wo ni Ẹlẹ́ṣin Ọba wà gan-an?

Ọmọ Tíátà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Olùkọ́ wa ní ká mú ìpele mẹ́fà tí Lawrence Kohlberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ń wo bí èèyàn ṣe ń ro ohun tó dáa àtohun tí ò dáa, ká fi wo Ẹlẹ́ṣin Ọba nínú Death and the King's Horseman tí Ṣóyínká kọ, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin. Èmi ní ìpele kẹrin ni torí iṣẹ́ ìlú ló wà lọ́rùn ẹ̀, ọba wàjà, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e káyé má bàa dojú rú. Ẹni tá a jọ ń kàwé ní irọ́ ni, ìpele kejì ni, tara ẹ̀ nìkan ló mọ̀, ọjọ́ tó yẹ kó kú gan-an ló rí ọmọge lọ́jà tó ní àfi kóun fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló tọ̀nà?

Bàbá Onítàn: Ọmọ mi, ohun tó ṣe lẹ̀yin méjèèjì ń wò, Kohlberg ò sì wo ìyẹn. Ṣó o rántí ìtàn Heinz? Ìyàwó ẹ̀ ń kú lọ, oògùn wà, ẹni tó ṣe é ń tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá iye tó ná an, Heinz wá owó títí, ìdajì ló rí, ṣé kó jí i? Ẹni tó ní kó jí i àtẹni tó ní kó má jí i lè wà ní ìpele kan náà, ìdí tí kálukú bá sọ ló ń wò. Torí náà ìdí tó ti ẹnu Ẹlẹ́ṣin jáde ni kó o kó jọ. Wo ibi tó ti ń tọrọ ọmọbìnrin yẹn, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà fúnra ẹ̀ mà ni o! Kò sọ pé ara òun ló ń fẹ́ ẹ, ó ní irúgbìn tí ò ní wúlò lọ́nà ọ̀run, kóun fi sílẹ̀ fáyé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ro tìlú ló ń sọ, tara ẹ̀ ló sì ń wá.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè Òkun: Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ òṣùwọ̀n yẹn fúnra ẹ̀ ń kọ mí lóminú. Nínú iṣẹ́ tí Kohlberg fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago lọ́dún 1958, ọmọkùnrin nìkan ló bi léèrè, Carol Gilligan, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá bíi tiẹ̀, sì sọ̀rọ̀ sí i lọ́dún 1982 pé ọ̀nà táwọn obìnrin ń gbà ronú, ta ni mo máa pa lára, ta ló gbójú lé mi, kì í gbayì níbẹ̀. Ibo lẹ máa wá gbé Ìyálọ́jà sí? Ó gbà kí wọ́n fa ìyàwó ọmọ ẹ̀ lé ẹni tó ń lọ sọ́run lọ́wọ́, ó sì kìlọ̀ fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó mú Ẹlẹ́ṣin kó má bàa kú, sókè torí pé ó lóun ń gba ẹ̀mí là o. Òun àtìyàwó ẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ lọ sóde ijó, ọmọ ọba wọn wà nílùú, kò fẹ́ kí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀. Òfin tiẹ̀ lòun náà ń ṣọ́.

Bàbá Onítàn: Òótọ́ lo sọ, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ Tíátà, ibi tí mo fẹ́ kó o dúró sí dáadáa ni àtìmọ́lé, tí ṣẹkẹṣẹkẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó tuntun yẹn pé òyìnbó lòun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó tún di àwọn òrìṣà, ó wá kan ọmọbìnrin náà fúnra ẹ̀. Lóju tèmi, ìrònú ẹ̀ ò já wálẹ̀ rárá, gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ló mọ̀, ó bá Olóhùn-iyọ̀, akígbe oríkì ẹ̀, kà á lọ́jà láìṣì ẹyọ kan. Ìfẹ́ ayé ló dè é mọ́lẹ̀, Kohlberg ò sì ní ìpele fún ìyẹn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ yín, má bẹ̀rù.

Ọmọ Tíátà: Ẹ ṣé gan-an bàbá, ẹ ṣé àǹtí. Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, wá ńkọ́? Ó ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní ìlú òyìnbó, ó wálé wá sin bàbá ẹ̀, ó bá a láàyè, ó wá kú dípò ẹ̀. Ṣé ìpele kẹrin nìyẹn àbí kẹfà, tó wà fẹ́ni tó ń tẹ̀ lé ìlànà òdodo tó ju òfin ìlú lọ?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè Òkun: Ikú yá ju ẹ̀sín ni tiẹ̀, ìyẹn lè jọ ìpele kẹrin. Àmọ́ padà síbi tó ti ń bá Jane, ìyàwó Pilkings, sọ̀rọ̀, nígbà tí Jane sọ nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó mọ̀ọ́mọ̀ bá ọkọ̀ ẹ̀ kú kí àwọn ará etíkun má bàa kú. Jane ò fara mọ́ ọn, Olúńdé ní ohun tó wú òun lórí ni. Ìdí tiẹ̀ nìyẹn, kò sì yí i padà títí tó fi kú. Ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́.