Ọjọ́ Ẹtì nìkan la máa lè lọ sí Silverstone: ibo ni kí a dúró sí?

Bàbá Mojí, Peckham

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti dé Silverstone rí.

Ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2025 yìí ni eré ìje ọkọ̀ Formula 1 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pápá Silverstone. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ń lọ, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ẹtì nìkan la rà. Ti ọjọ́ Àìkú wọ́n ju agbára mi lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni ìkórè ìjọ wa, èmi sì ni wọ́n fi sídìí ètò ìjókòó àlejò. Kò sí bí mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́.

Ọmọ ọdún 14 ni Mojí. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ kún fún àwòrán ìyẹ́ iwájú ọkọ̀ Ferrari: ó ya ti ọdún tó kọjá, ó ya ti ọdún yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá fi bírò pupa yí gbogbo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ká. Láti ọjọ́ tí awakọ̀ Lewis Hamilton ti wọ aṣọ pupa ti Ferrari, ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá ń sọ fún un pé ìdánrawò lásán ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, pé ẹnì kan kò ní í bá ẹnì kan du ipò, pé ńṣe la fi owó ṣòfò. Láti àná ni ojú ọmọ náà ti rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé òótọ́ ni pé kò sí nǹkan gidi láti wò lọ́jọ́ Ẹtì? Tíkẹ́ẹ̀tì wa kò ní nọ́ńbà ìjókòó, ibi tó bá wù wá la lè dúró sí. Ibo ló dára jù? Kí ni kí n ní kí ó máa wò, kó má jẹ́ pé ọkọ̀ á kàn máa fò kọjá lójú wa títí ilẹ̀ á fi ṣú? Bọ́ọ̀sì ni èmi ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ ohun tí bíréèkì àti kọ́nà ń sọ fún awakọ̀, mo fẹ́ kí ọmọ mi rí i lára àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láyé. A ò ní gbé mọ́tò lọ, ẹ bá mi fi ti ọ̀nà kún un.

Ìyá Ìbejì, Northampton

Bàbá Mojí, ẹ kú ìmúra. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi ọmọ sílẹ̀ jàre.

Mo ti lọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti lọ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ẹtì ni mo sì fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ Àìkú, ibi tí ẹ bá tẹ́ aṣọ sí láàárọ̀ lẹ máa wà títí eré á fi parí, nítorí èrò. Bí ẹ bá dìde, ó ti bọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ yín ló ni pápá. Ìdánrawò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago 12:30, ìkejì ní aago 4, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn ọmọ F2 àti F3, ìyẹn ìdíje àwọn tó ń gòkè bọ̀ lábẹ́ Formula 1, náà sì máa jáde lọ́jọ́ yẹn. Díẹ̀ nínú àwọn ìjókòó tó ní àtẹ̀gùn náà máa ń wà ní ṣíṣí fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Fún aago 12:30, kọ́nà Becketts ni kí ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lọ́kàn padà. Láti kọ́nà Copse ni ọkọ̀ á ti máa bọ̀, eré rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan, ọ̀nà á wá yí sí òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, láìsí àyè láti mí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dà bíi pé kò le. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ wò ó. Ọkọ̀ yẹn kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó tó yí. Ńṣe ló máa ń yọ́ láti òsì sí ọ̀tún bí ẹja tó já mọ́ni lọ́wọ́ nínú omi, ojú yín á ṣì wà níbi tó ti kúrò. Ẹ máa rí àṣíborí awakọ̀ tó ń mì. Ẹ máa gbọ́ abẹ́ ọkọ̀ tó ń ha ilẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ á dé ara yín lẹ́yìn tó ti kọjá.

Ohun tí Mojí yóò ṣe nìyí: kó di ojú nígbà mìíràn, kó fi etí nìkan gbọ́. Ní kọ́nà kejì sí ìkẹta, awakọ̀ kan á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná pátá, ẹlòmíràn á gbé e díẹ̀, òmíràn á sì yí jíà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fọkàn tán ọkọ̀ rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lára ẹ́ńjìnnì kó tó hàn nínú àkókò tí wọ́n kọ sójú pátákó. Bó bá fi máa tó ogún ìṣẹ́jú, á ti mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dààmú.

Fún ìdánrawò kejì, ẹ lọ sí kọ́nà Luffield. Ibẹ̀ lọ́ra, ọkọ̀ á fara balẹ̀ yí, ìyẹ́ iwájú tó ń yà yẹn á dúró sójú rẹ̀ dáadáa. Ó lè gbé ìwé àwòrán rẹ̀ dání.

Ti ọ̀nà: ọkọ̀ ojú irin láti Euston sí Milton Keynes Central tàbí Northampton, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí pápá. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání, kó má sí ìgò dígí nínú rẹ̀. Aṣọ òjò ni kí ẹ mú, kì í ṣe agbòòrùn, torí agbòòrùn á dí ẹni tó wà lẹ́yìn lójú. Pápá ọkọ̀ òfurufú ológun ni ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ti ń gbéra. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ títí dòní, kò sí ohun tó dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Oòrùn lè mú láago 12, kí òtútù mú yín láago 5. Ẹ fi nǹkan bo etí ọmọ náà tó bá ti gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, màmá ti sọ ibi tí ẹ máa dúró sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa wò.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ iṣẹ́. Sọ́ńdè ni ọjọ́ tí wọ́n ń gba èrè iṣẹ́. Ní aago 12:30, ẹ lè rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn lójú kan. Ọ̀dà yẹn tútù, atẹ́gùn ló ń fà á lára ọkọ̀, kí àwọn ẹnjiníà lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ gbà kọjá. Òmíràn á gbé irin tó rí bí àwọ̀n sẹ́yìn táyà iwájú, òun náà ń wọn afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ ò lè rí i. Ọmọ tó ń ya ìyẹ́ ọkọ̀, ohun tó yẹ kó rí gan-an nìyẹn!

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọ̀ ara táyà. Pupa ni èyí tó rọ̀ jù, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, funfun ló le jù. Ní ìdánrawò kejì, wọ́n á kọ́kọ́ fi pupa sá ìyípo kan pẹ̀lú gbogbo agbára. Nígbà tó bá kù díẹ̀, wọ́n á bu epo sí i, wọ́n á máa yí lọ bí ẹni pé eré gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Mojí lè pe ìyẹn ní ìdánrawò lásán, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ẹni tí táyà rẹ̀ máa pẹ́. Ẹ fojú sí táyà iwájú apá òsì. Kọ́nà tó yí sí ọ̀tún pẹ̀lú eré pọ̀ ní Silverstone, Abbey, Copse, Stowe, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ń bọ́ sórí òsì. Ní 2020, táyà iwájú apá òsì Bottas, ti Sainz àti ti Hamilton ló bẹ́ nígbà tí eré ń parí lọ. Ìyípo tó kẹ́yìn ni ti Hamilton bẹ́, ó fi táyà mẹ́ta wà á délé, ó sì gba ipò kìíní.

Ọmọkùnrin kan tún wà, Arvid Lindblad, ọmọ ọdún 17. Òun ni ẹgbẹ́ Red Bull fẹ́ gbé ọkọ̀ Tsunoda, awakọ̀ wọn, fún ní ìdánrawò àkọ́kọ́, torí òfin ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ẹni tuntun jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọdún mẹ́ta péré ló fi ju Mojí lọ.

Nínú oṣù Keje, aago tiwa àti tiyín dọ́gba. Aago 12:30, màá ti wà níwájú SuperSport, bí iná bá wà. Bí kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀.

Ọmọ McLaren, Leeds

Ẹ lọ, ẹ máa gbádùn. Ṣùgbọ́n pupa kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọdún yìí o. Awakọ̀ McLaren méjèèjì ló wà níwájú: Piastri fi máàkì 15 ṣáájú Norris, 216 sí 201. Ní Kánádà, Norris kọlu ẹ̀yìn rẹ̀, eré tiẹ̀ parí síbẹ̀. Ní Ọ́síríà tó tẹ̀ lé e, Norris borí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Norris, àmọ́ kò tíì borí nílé rí. Ìjókòó odindi kan ni wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Stowe. Èmi á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Àǹtí Rónkẹ́, Milton Keynes

Ọmọ McLaren, mi ò bá ẹ jà lórí máàkì. Òótọ́ ni pé Hamilton kò tíì gun orí pèpéle àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú Ferrari nínú eré ọjọ́ Àìkú kankan. Eré kúkúrú ti Shanghai nínú oṣù Kẹta nìkan ló ti borí, ipò kẹrin ló sì ṣe ní Ọ́síríà. Ṣùgbọ́n Silverstone ni à ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ti borí níbẹ̀, kò sí awakọ̀ tó borí tó bẹ́ẹ̀ ní pápá kan ṣoṣo nínú ìtàn eré yìí. Láti 2014, kò tíì sí eré kan níbẹ̀ tí kò wọ àárín àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní 2008, nínú òjò tó da ọ̀pọ̀ awakọ̀ sínú koríko, ó fi ìṣẹ́jú kan àti àáyá mélòó kan ju ẹni kejì lọ. Ọdún tó kọjá, nígbà tó borí lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀ tí kò ti borí, ó sunkún lórí rédíò, èmi náà sunkún nínú pálọ̀ mi.

Mojí á fẹ́ mọ èyí: Silverstone ni Ferrari ti kọ́kọ́ borí eré ìdíje àgbáyé, ní oṣù Keje 1951, González ló wà á. Pápá kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọ̀hún ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1950, ó ti pé ọdún 75 nìyí.

Bàbá Mojí, ẹ fi Laura Müller hàn án. Òun ni ẹnjiníà tó ń bá awakọ̀ Ocon sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ẹgbẹ́ Haas lọ́dún yìí, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ẹnjiníà àgbà fún awakọ̀ kan nínú Formula 1. Bí ọkọ̀ Haas bá ń kọjá ní Becketts, kí ọmọ náà mọ̀ pé obìnrin ló wà lẹ́nu rédíò yẹn.

Bàbá Mojí, Peckham

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Mojí létí. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó lọ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá ń béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà.

Becketts láago 12:30, Luffield láago 4, a ti fẹnu kò. Mo ti bẹ alàgbà wa pé kí ìdúpẹ́ àwọn ẹgbẹ́ má kọjá aago 2 lọ́jọ́ Àìkú, kí n lè dé iwájú tẹlifíṣọ̀n kí iná tó ń bẹ̀rẹ̀ eré tó kú láago 3. Ó ní òun á gbìyànjú.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, bí ìdánrawò kejì bá parí láago 5, ṣé a máa tètè rí bọ́ọ̀sì padà sí Milton Keynes, àbí kí a kúrò ṣáájú?

Ìyá Ìbejì, Northampton

Ẹ má kúrò ṣáájú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn yẹn, epo wà nínú ọkọ̀, táyà ti ń gbó, ìgbà yẹn ni Mojí máa rí ohun tí mẹkáníìkì wa ń sọ. Ìlà bọ́ọ̀sì á gùn, àmọ́ ó ń rìn. Ẹ jẹ oúnjẹ yín tó kù lórí ìlà.