Ọmọ mọ fóònù, kò mọ kọ̀ǹpútà

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì mi dé láti Ìbàdàn, wọ́n fi í sí Year 3, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, tíṣà rẹ̀ ní kí ó tó fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé, àwọn yòókù ti ń ṣe iṣẹ́ lọ, àti pé kò lè fi máòsì fa nǹkan. Ẹnu yà mí. Ọmọ yìí náà ló ń bá mi tún fóònù mi ṣe! Ta ni kí n sanwó fún kó máa kọ́ ọ?

Àǹtí Leeds
Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni, Ìyá Ìbejì. Olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú rẹ̀. Lórí fóònù, ibi tí ojú ọmọ wà ni ìka rẹ̀ wà. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: ọwọ́ wà lórí tábìlì, ojú wà lókè. Àfi kó kọ́ ọ.

Láti September 2014 ni Computing, ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England, láti Year 1. Kí ọmọ ibí tó dé Year 3, ó ti to àṣẹ fún Bee-Bot, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó dà bí oyin yẹn, ó ti ṣí fáìlì, ó ti pa á dé. Tiyín kò sí níbẹ̀ nígbà náà, ìyẹn nìkan ni.

Ẹ ra máòsì kékeré oníwáyà. Ẹ má jẹ́ kó fi ìka ra pádì ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀, ó le fún ọwọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Scratch fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ lọmọdé ti ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, kò pọn dandan kó ní àkáǹtì. Gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kéèyàn di bọ́tìnnì máòsì mú, kó fa àṣẹ kan, kó so ó mọ́ òmíràn, títí ológbò inú rẹ̀ á fi rìn tí á fi sọ̀rọ̀. Kò ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Tó bá ṣe tán, ẹ ní kó tọ́jú iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, kó pa gbogbo rẹ̀ dé, kó wá a rí fúnra rẹ̀. Ẹ má bá a wá a o! Ibẹ̀ ló máa ń dá àwọn ọmọ fóònù dúró, torí fóònù kì í sábà bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó nǹkan sí.

Ti pásíwọ́ọ̀dù: lẹ́tà ńlá ló sábà máa ń wà lójú kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà kékeré ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń kà. Ọmọ á máa wá "g", kò mọ̀ pé "G" tó wà níwájú òun ni. Ẹ kọ méjèèjì sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Kí ẹ sì kọ́ ọ ní Shift, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ mọ́ lẹ́tà kó lè di ńlá, kó fi Caps Lock sílẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Birmingham
Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Àmọ́ ẹ ronú Year 4 mọ́ ọn. Lóṣù June wọ́n máa ń ṣe ìdánwò ìsọdipúpọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 25, ìṣẹ́jú àáyá 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi mọ 7×8 dunjú, ṣùgbọ́n kó tó rí 5, kó tó rí 6, àkókò ti lọ. Ìka ló já a kulẹ̀. A wá ń fi nọ́ńbà ìlà òkè ṣeré lálaalẹ́, èmi pè, òun tẹ̀.

Àǹtí Leeds
Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ tún bi ilé ìwé bóyá kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa lò tàbí táblẹ́ẹ̀tì, torí méjèèjì ló gbà. Èyí tí wọ́n bá máa lò ni kó fi kọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Níbi tiwa ní Texas, orí kọ̀ǹpútà ni STAAR, ìdánwò ìpínlẹ̀ wa, wà láti ọdún ẹ̀kọ́ 2022–23, láti Grade 3. Wọ́n ń fi kíbọ́ọ̀dù kọ àròkọ níbẹ̀! Dance Mat Typing ti BBC, eré tó ń kọ́ ọmọ ní kíbọ́ọ̀dù títẹ̀, lèmi fi kọ́ tèmi, ọ̀fẹ́ ni, ariwo rẹ̀ nìkan ló pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹnìkan fẹ́ ta Chromebook àlòkù, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, fún mi. Kí n rà á?

Àǹtí Leeds
Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ọjọ́ tí Google máa dá àtúnṣe sọ́fítíwíà rẹ̀ dúró hàn yín, ó wà nínú Settings, ní About ChromeOS. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá tàbí tó bá ti kù díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Kí ẹ tó rí òmíràn, ẹ gba káàdì láíbìrì fún ọmọ náà. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Kí ẹ béèrè Code Club, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú: àwọn láíbìrì kan ń ṣe é, wọn kì í gbowó.