Wi-Fi pòórá, ohùn ò jáde lẹ́yìn tí wọ́n fi Windows tuntun sí laptop mi. Ẹ gbà mí o!

Àdùkẹ́, Ìbàdàn: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Dell Latitude 5490 tokunbọ̀ ni mo fi ń tẹ project fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, Core i5 ìran kẹjọ ni ọpọlọ rẹ̀. Ó ń falẹ̀, mo bá gbé e fún ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa. Ó nu gbogbo inú rẹ̀ dànù, ó fi Windows 11 sí i. Ìgbà tí mo délé, mi ò rí àmì Wi-Fi rárá. Ohùn ò jáde. Lẹ́tà ojú rẹ̀ tóbi ràbàtà bíi ti pátákó ìpolówó. Mo padà lọ bá a, ó ní board, ìyẹn pátákó ńlá inú rẹ̀, ló ń kú lọ, kí n mú ₦15,000 wá. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn méjì fẹ́ gba iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Ajé o.

Kúnlé: Àǹtí, kí ló gbé yín dé Windows 11? Ẹ ní kó dá 10 padà síbẹ̀ jàre.

Bàbá Ìbejì: Kúnlé, má ṣì í lọ́nà. Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10, 11 sì gba ìran kẹjọ. Àdùkẹ́, board ò kú. Board tó ń kú kì í mú Wi-Fi, ohùn àti ojú lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kó tún jẹ́ kó o máa tẹ̀wé. Driver ni ò sí. Òun ni ògbufọ̀ láàárín Windows àti ẹ̀yà ara laptop. Nígbà tí ọmọ yẹn nu inú rẹ̀, àwọn ògbufọ̀ bá a lọ, ó sì gba owó láìdá wọn padà. Tẹ Start ní right-click, mú Device Manager, kó o sọ àwọn tó ní àmì ìyanu yẹ́lò fún mi.

Àdùkẹ́: Wọ́n pọ̀ o, sà. Network Controller, Multimedia Audio Controller, Unknown device. Lábẹ́ Display adapters, Microsoft Basic Display Adapter ni mo rí.

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn ló mú lẹ́tà rẹ tóbi. Tẹ Network Controller lẹ́ẹ̀mejì, lọ sí Details, yan Hardware Ids. Kí ló tẹ̀lé VEN_? Òun ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: 8086 ni Intel, 10EC ni Realtek, 14E4 ni Broadcom.

Hawaù, Ìlọrin: Ṣé kò ní yá jù kó wa àwọn ètò ọ̀fẹ́ tó máa ń wá gbogbo driver fúnra wọn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Bàbá Ìbejì: Mo ti lo ọ̀kan rí. Driver méjì ló mú wá, ìpolówó tó bá a wọlé ò lóǹkà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lé wọn jáde.

Àdùkẹ́: VEN_10EC ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi fóònù tẹ Service Tag (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tó wà lábẹ́ laptop sórí ojúlé Dell, Wi-Fi ti Intel àti Qualcomm nìkan ni mo rí. Kò sí Realtek.

Bàbá Ìbejì: Tokunbọ̀ nìyẹn! Ẹnì kan ti yọ káàdì rẹ̀, ó ti fi òmíràn rọ́pò. Ká ní o wa driver ti Dell jáde ni, títí ilẹ̀ á fi mọ́ lo máa fi yí i po. Fi wáyà USB so fóònù Android rẹ mọ́ laptop, kó o tan USB tethering níbi tí hotspot wà. Driver ìyẹn ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. Lọ sí Windows Update, Advanced options, Optional updates, kó o máàkì gbogbo ohun tó bá wà lábẹ́ Driver updates.

Àdùkẹ́: Íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, àmọ́ kò rí driver kankan. Wákàtí kan gbáko. Àbí board ni lóòótọ́?

Ṣadé, London: Àdùkẹ́ mi, ṣé kì í ṣe pé o tan Metered connection?

Àdùkẹ́: Mo tàn án o! Kó má baà jẹ data mi tán.

Ṣadé, London: Òun gan-an ni. Windows kì í fa driver lórí metered àfi tó o bá fún un láyè. Pa á. Bí o bá ń ṣọ́ data, ra ti òru, kó o jẹ́ kó ṣe é nígbà yẹn.

Àdùkẹ́ (ní àárọ̀): Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Wi-Fi ti dé. Lẹ́tà ti padà sí bó ṣe wà. Mo fi orin dán ohùn wò láago mẹ́ta òru, ọmọ mi ta gìrì jí. Unknown device nìkan ló kù, ó kọ ACPI\SMO8810.

Bàbá Ìbejì: Jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná. Ìyẹn ló ń mọ̀ bí laptop bá ń jábọ́, kó lè tètè gbé orí hard disk sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ SSD lo ní, èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kò sóhun tó fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti Dell nìyẹn, o máa rí i lójúlé wọn, Free Fall ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ṣe pàtàkì nìyí, kó o kó àwọn driver rẹ pamọ́: ṣí fódà kan tó ń jẹ́ driver sínú fúláàṣì, fi Run as administrator ṣí Command Prompt, kó o kọ:

pnputil /export-driver * E:\driver

(Bí fúláàṣì rẹ kì í bá ṣe E, fi lẹ́tà tirẹ̀ síbẹ̀.) Lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá tún nu laptop, èyí lo máa kọ láti dá wọn padà, kò ní í bèèrè data:

pnputil /add-driver E:\driver\*.inf /subdirs /install

Àdùkẹ́: SSD ni. Mo ti kó wọn sí fúláàṣì, mo sì ti lẹ bébà mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má fi kó orin. Sà, kí wá ni kí n sọ fún ọmọkùnrin ₦15,000 yẹn?

Kúnlé: Ẹ ní kó wá ra driver lọ́wọ́ yín.