Ẹ̀yin bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe fi najú tó ti wá di owó?

BàbáDáre_Àkúrẹ́: Ẹ kú ilé o. Owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká yìí, kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀dógún ó ti tán nílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ní ọmọkùnrin mẹ́ta, látìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré èmi fúnra mi ni mò ń gẹ irun wọn lọ́sàn-án Sátidé, mo ra klípà, mo gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, a ó tan rédíò, a ó máa gbọ́ bọ́ọ̀lù, mo gbádùn ẹ̀ gan-an ni. Ó wá di pé àwọn ará àdúgbò ń kó ọmọ tiwọn náà wá. Sátidé tó kọjá àga ò dilẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó fi ₦50 sílẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n kúkú bá òun fá irùngbọ̀n òun sí i. Èmi ni mò ń ra epo jẹnẹrétọ̀ o! Ìyàwó mi ní kí n máa gbowó, ojú ń tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ irú nǹkan báyìí dowó, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ṣẹ́gun_ỌbaIlé: Gba owó ẹ jàre. Ta ni ìtìjú ra epo fún rí?

ÌyáÌbejì77: Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fá irùngbọ̀n òun yẹn, mo mọ irú wọn 😂 á tún ní kẹ́ ẹ fún òun lómi tútù.

Olóyin_Ìdànrè: Oyin ni tèmi o. Oko kòkó bàbá mi lọ́nà Ìdànrè ló ti bẹ̀rẹ̀, agbo oyin kan lọ ya sínú ihò igi, àwọn èèyàn ní kí n dáná sun wọ́n, mo ní rárá, mo kàn fẹ́ràn kí n jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ìyàwó mi ní bóyá wọ́n ti sà sí mi ni. Nígbà tó yá mo ní kí káfíńtà kan àpótí fún mi, mo fi ìda oyin pa inú ẹ̀ kí òórùn ẹ̀ lè fà wọ́n, mo gbé e lé ẹsẹ̀ irin, mo fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú pa ẹsẹ̀ ẹ̀ nítorí èèrà, mo bá tèmi lọ. Fúnra wọn ni wọ́n wọlé. Inú mi dùn débi pé n ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Látorí ẹyọ kan yẹn ló ti di púpọ̀. Owó kọ́ ló gbé mi débẹ̀ o, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló tọ́ ọ wò tó ní kí n bá òun mú ìgò méjì wá, òun ló lọ ròyìn fún àwọn tó kù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń kórè ẹ̀, ewé Akíntọ́lá tó máa ń yọ òdòdó nígbà ọyẹ́ yẹn, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ bí nǹkan míì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ, pẹ̀lú èéfín àti aṣọ tó bo gbogbo ara, torí oyin tiwa níbí kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú fídíò tí òyìnbó ń fọwọ́ lásán kó, tiwa á lé ẹ dé títì. Afárá tí wọ́n bá ti fi ìda dé lójú nìkan ni kẹ́ ẹ gé, èyí tí wọn ò tíì dé, omi ṣì pọ̀ nínú ẹ̀, á kan nínú ìgò ni. Ọmọbìnrin mi ló ń lẹ lébẹ̀lì, ó sì ti ń bi mí pé èló ni tòun níbẹ̀.

ỌmọEkìmògún: Oyin àbí omi ṣúgà? Ẹ má bínú o. Èyí tí mo rà létí títì lọ́nà Ọ̀rẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo ìsàlẹ̀ ìgò ti dì gbagbagba, ó funfun. Látìgbà náà mi ò gbọ́ ti olóyin kankan mọ́.

Olóyin_Ìdànrè: Ará Oǹdó, ẹ rọra. Pé oyin dì ò sọ pé ayédèrú ni. Tí ọyẹ́ bá mú, tèmi náà máa ń dì. Ẹ gbé ìgò ẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi híhó o, á yọ́.

BàbáKáfíńtà: Ìṣáná ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ ti orí ìṣáná bọ inú oyin, kẹ́ ẹ wá ṣá a. Tó bá ràn, oyin gidi ni. Bàbá mi ló kọ́ mi.

Tísà_Kẹ́mísìrì: Ìyẹn kàn ń sọ fún yín pé omi inú ẹ̀ ò pọ̀ ni sà. Ẹni tó bá se ṣúgà títí tó fi ki, ìṣáná tiẹ̀ náà lè ràn. Ṣúgà méjì ló pọ̀ jù nínú oyin, glucose àti fructose, glucose yẹn ló máa ń dì, èyí tó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀ á tètè dì ju òmíràn lọ, ó dọ́wọ́ òdòdó tí oyin lọ jẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń sọ pé èèrà kì í jẹ oyin gidi náà, ẹ bi Olóyin ìdí tó fi ń fi ọ́ìlì pa ẹsẹ̀ àpótí ẹ̀.

Ṣẹ́gun_ỌbaIlé: 😂😂😂 ó parí!

BàbáKáfíńtà: Èmi ò sọ̀rọ̀ èèrà o. Ìṣáná ni mo sọ.

Nọ́ọ̀sì_Tọ́lá: Ẹ dákun, mo rí i pé bàbá ọlọ́mọ kéékèèké ló pọ̀ níbí. Oyin gidi o, ayédèrú o, ẹ má fi tọ́ ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu. Kòkòrò àìrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum, irúgbìn ẹ̀ lè wà nínú oyin, kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkankan ṣùgbọ́n ikùn ọmọ ọwọ́ ò tíì lágbára tó máa fi lé e. Kẹ́ ẹ sì má sọ pé ẹ máa sè é o, sísè inú ilé ò pa á.

Àgbà_Aràkàlé: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yìí náà. Oyin ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ níbí. A kú ni?

Nọ́ọ̀sì_Tọ́lá: Ẹ má bínú sà. Kò wọ́pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ kì í ṣe nǹkan àfojúdi. Ọmọ ò ní lè yàgbẹ́, ẹkún ẹ̀ ò ní jáde dáadáa, kò ní lè fa ọmú, ọrùn ẹ̀ á máa ṣubú, ó lè dé ibi tí mímí á ti di ìṣòro.

Kọ́lá_Ìjàpọ̀: Ohun tá a ṣe nígbà tá a sọ tèmi lórúkọ nìyẹn. Ìyá ọmọ àtàwọn àgbà ló tọ́ oyin wò, wọ́n kàn fi han ọmọ, wọ́n sì ṣàdúrà. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pín ìrẹsì.

Àgbà_Aràkàlé: Wọ́n fi oyin HAN ọmọ! Ṣé òkèèrè layé á ti máa dùn fún un ni?

ÌyáÌbejì77: 😂😂😂 bàbá yìí á pa mí o

Nọ́ọ̀sì_Tọ́lá: 😂 Tó bá ti pé ọdún kan sà, ẹ ra odidi ìgò fún un. BàbáDáre, mo gbàgbé tiyín, ẹ máa fi spírítì nu ojú klípà yẹn láàárín ọmọ kan sí èkejì, làpálàpá orí máa ń ràn kíákíá láàárín àwọn ọmọdé.

Kíbọ́ọ̀dù_Tíṣà: Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ owó. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ, kíbọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ràn jù láyé, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ láti kékeré. Ẹnì kan gbọ́ mi níbẹ̀ ló pè mí sí òkú àgbà kan, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣí, Ọ̀wọ̀ lónìí, Ìkàrẹ́ lọ́la, Oǹdó ní Sátidé tó ń bọ̀. N ò purọ́, owó yẹn ló san owó ilé ìwé tẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni mo fi ń wà níta, tí mo bá dé lóru màá sùn díẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi ṣọ́ọ̀ṣì tún ń dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì kíbọ́ọ̀dù, àbíkẹ́yìn mi wò mí sókè wò mí sílẹ̀, ó ní Dádì, ṣé ẹ̀ ń lọ ni àbí ẹ̀ ń bọ̀?

Ṣẹ́gun_ỌbaIlé: Ṣé ẹ̀ ń lọ ni àbí ẹ̀ ń bọ̀ 😭😂 ọmọ yẹn ò dáa o

ÌyáÌbejì77: Ọmọ yẹn dáa gan-an. Ohun tí ìyá ẹ̀ ò lè sọ ló bá a sọ. Kí ni owó ilé ìwé fẹ́ ṣe fọ́mọ tí ò mọ bàbá ẹ̀?

Kọ́lá_Ìjàpọ̀: Ìyá ìbejì, tí ò bá sanwó náà, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ máa ní bàbá wo lèyí. Ó lè máa mú ọmọ náà dání, kó máa bá a gbé wáyà.

ÌyáÌbejì77: Ọmọ kékeré? Níbi òkú àgbà? Títí aago mọ́kànlá alẹ́? Ẹ̀yin ọkùnrin!

Kíbọ́ọ̀dù_Tíṣà: Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Abẹ́ tábìlì ló sùn sí. Ní báyìí mo ti yọ Sátidé ìparí oṣù sílẹ̀, ẹni yòówù tó bá pè n kì í lọ. Ibẹ̀ lorí ń fọ́ mi jù ṣá, torí ìparí oṣù làwọn èèyàn máa ń ṣe ìnáwó.

Fọ́tò_Òkè: Èmi ò ní bá yín purọ́ pé ó dùn. Kámẹ́rà ni mo máa ń gbé kiri tẹ́lẹ̀, mà á gun òkè Ìdànrè láàárọ̀ kùtù, mà á ya kùrukùru. Látìgbà tí mo ti ń ya ìgbéyàwó gbowó, n kì í gbé e jáde fún ara mi mọ́. Fọ́tò àwọn ọmọ mi tó wà nílé, fóònù ìyá wọn ló ya gbogbo ẹ̀.

Olóyin_Ìdànrè: Ti ẹlòmíì kì í rí bẹ́ẹ̀ o. Èmi ṣì ń lọ jókòó wò wọ́n.

Fọ́tò_Òkè: Oyin kì í pè yín láago méjìlá òru pé ẹ bá òun fún ikùn òun ní tẹ́ẹ́rẹ́ nínú fọ́tò.

Ọ̀gbẹ́ni_Fáìlì: BàbáDáre, ẹ má gbé pátákó kankan síta o. Ẹ lọ wo ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, Fifth Schedule, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí iṣẹ́ ìjọba bá ni gbogbo ọjọ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ máa darí òwò ara ẹ̀ sí i. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda.

Olóyin_Ìdànrè: Àgbẹ̀ ni mí. Ẹ má wò mí.

Kíbọ́ọ̀dù_Tíṣà: Ṣé kíbọ́ọ̀dù ò lè jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ báyìí? Abẹ́ kánópì ni, ìta gbangba náà ni.

Kọ́lá_Ìjàpọ̀: Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì, àwọn ọ̀gá tó nílé epo ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni_Fáìlì: Èmi ò rí nǹkankan o.

Ṣẹ́gun_ỌbaIlé: Kí BàbáDáre gbin ẹ̀fọ́ yí igi máńgòrò yẹn ká, kó máa gẹrun nínú oko. Tí wọ́n bá dé, á ní ewéko lòun ń gé.

BàbáDáre_Àkúrẹ́: 😂 Mo ti rẹ́rìn-ín débi tí ìyàwó mi fi wá yọjú. Òun ló ní kí ṣọ́ọ̀bù wà lórúkọ tòun, kí n kàn máa "ran òun lọ́wọ́" ní Sátidé. Ọmọdé ₦500, àgbà ₦1,000, irùngbọ̀n lọ́tọ̀. Ó ti kọ ọ́ sórí páálí. Onírùngbọ̀n Sátidé yẹn ti kọjá, ó kà á, ó ní "Ẹ kú ọjà o," ó bá tiẹ̀ lọ.

ÌyáÌbejì77: Á padà wá, kò síbi tó máa lọ. Ẹ kí madam fún mi.

ỌmọEkìmògún: Olóyin, lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, èló ni ìgò kan? Tẹ́ ẹ bá lè fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Yaba l'Óǹdó. Tó bá dì o, màá dá a padà.

Olóyin_Ìdànrè: Tó bá dì, ẹ ka òkè padà. Ẹ wọ inbox.

Àgbà_Aràkàlé: Èmi náà fẹ́ ìgò kan. Kẹ́ ẹ bá mi gbé e wá sítòsí Ọjà Ọba kó tó di Sátidé, wọ́n ń gbé ọmọ-ọmọ mi bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ sà, oṣù mélòó ni ọmọ ọ̀hún?

Àgbà_Aràkàlé: Èmi ni mo fẹ́ lá a!